Fèrè páànù àwọn ará Áyálándì: níbo ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Abíkẹ́yìn, Dublin

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ìwọ̀-oòrùn ìlú Dublin ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ọmọ mi obìnrin tí ó kéré jù sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, olùkọ́ wọn ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú fèrè páànù kan wá, ìyẹn fèrè tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò mẹ́fà tí àwọn ará ibí ń pè ní tin whistle, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè abínibí wọn sì ń jẹ́ feadóg stáin. Ọmọ náà fọn ọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì pa á tì sí abẹ́ àga. Èmi ni mo fà á yọ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí oorun dá lójú mi. Mo ṣe bí eré ọmọdé ni.

Láti ìgbà náà ni èmi àti fèrè yìí ti jọ ń fà á. Bí mo bá ṣí gbogbo ihò sílẹ̀, ohùn ń jáde. Bí mo bá dí ihò mẹ́ta ti òkè, ó ṣì ń gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà báyìí, ńṣe ni yóò han gooro bí àgbébọ̀ tí àṣá gbé ọmọ rẹ̀, tí bàbá àwọn ọmọ yóò sì dìde kúrò ní pálọ̀ láìsọ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fèrè náà ni kò dára, nítorí pé olówó pọ́ọ́kú ni, àbí èmi gan-an ni? Ṣé dandan ni kí n mọ bí a ṣe ń ka orin tí a kọ sórí ìlà márùn-ún, nígbà tí ó jẹ́ pé sol-fa inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ nìkan ni mo mọ̀? Mo ti pé ọdún 44, n kò sì fọn ohun kan rí ní ayé mi.

Afọnfèrè Manchester

Ẹ kú ìgbìyànjú, ìyá wa. Kò sí ohun tí ó ṣe fèrè yín. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn ni ó ṣe èmi náà ní ọdún 14 sẹ́yìn, ohun méjì ni ó sì máa ń fà á: ìka tí kò dí ihò tán, àti èémí tí ó pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ìka ṣáájú. Ọwọ́ òsì ni ó wà lókè, òun ni ó ni ihò mẹ́ta àkọ́kọ́; ọwọ́ ọ̀tún wà nísàlẹ̀, òun ni ó ni mẹ́ta yòókù; àtàǹpàkò méjèèjì wà lẹ́yìn fèrè láti gbé e dúró, nítorí kò sí ihò kankan lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti wà lẹ́yìn fèrè òyìnbó tí a ń pè ní recorder. Ẹ dí gbogbo ihò, ẹ tẹ ìka mọ́ wọn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ sì yí ọwọ́ yín padà wò. Ó yẹ kí ẹ rí òrùka kékeré kan tí ó pé yípo lára ìka kọ̀ọ̀kan. Ìka tí òrùka tirẹ̀ bá jẹ́ ààbọ̀, òun ni ó ń jò, bí n kò bá sì ṣìnà, ìka ọwọ́ ọ̀tún tí a máa ń fi òrùka ìgbéyàwó sí lọ́wọ́ òsì ni, èyí tí ó wà lórí ihò ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má ṣe ká ìka kò bí ẹni tí ń tẹ dùùrù. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ó jẹ́ ibi tí ó ní ẹran tìmùtìmù ni ó dí ihò, kì í ṣe góńgó ìka.

Ti èémí ni ó le jù láti ṣàlàyé. Ohùn ìsàlẹ̀ kò fẹ́ agbára rárá. Ẹ ronú ẹni tí ó bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú ṣíbí, tí ó ń fẹ́ ẹ kí ó tutù, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ó ta sí òun láṣọ. Bí ẹ bá fi kún èémí náà láìgbé ìka kankan, fèrè yóò fò sókè sí ohùn kan náà ní ìpele kejì. Kì í ṣe àṣìṣe fèrè nìyẹn o, bí ó ti yẹ kí ó ṣe nìyẹn, nítorí ìka kan náà ni a fi ń fọn ìpele méjèèjì. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ẹ kò tíì pinnu ìgbà tí ẹ fẹ́ kí ó fò.

Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ dí ihò àkọ́kọ́ nìkan, ẹ fọn ọ́n títí ohùn náà yóò fi dúró láìgbọ̀n. Ẹ fi ìkejì kún un, lẹ́yìn náà ìkẹta. Ẹ lè lo ọ̀sẹ̀ kan lórí mẹ́ta yẹn. Bí mẹ́ta yìí bá ti mọ́, ẹ máa fi ìka kọ̀ọ̀kan ti ọwọ́ ọ̀tún kún un, ẹ ó sì dé ìsàlẹ̀ láìgbúròó àgbébọ̀ yẹn mọ́.

Akọrin Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ọdún 22 ni mo ti ń fọn kàkàkí òyìnbó nínú ìjọ wa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé orin dẹ́rù bà yín, ìyá. Sol-fa tí ẹ mọ̀ tó. Fèrè D, ìyẹn èyí tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá jẹ́ D, ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń lò, nítorí náà, bí ẹ bá dí gbogbo ihò, dò ni. Ẹ ṣí ti ìsàlẹ̀, rè. Ẹ ṣí ìkejì láti ìsàlẹ̀, mí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa ṣí wọn lọ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi ṣí, tì sì nìyẹn. Ẹ mú orin ìjọ kan tí ẹ mọ̀ dénú, ẹ kọ sol-fa rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì máa fi ahọ́n lu ohùn kọ̀ọ̀kan, tu, tu, tu, kí ó lè já gaara. Kí ẹ sì fẹ́ ẹ dáadáa láti inú ikùn, nítorí èémí tí kò lágbára kì í bí ohùn tí ó lẹ́wà.

Afọnfèrè Manchester

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí sol-fa, mo sì dúpẹ́ pé ẹ là á sílẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kàkàkí ni ẹ fi gbọ́n, fèrè páànù kì í sì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èémí kàkàkí fẹ́ ihò ìsàlẹ̀ kò ní gbọ́ dò rí.

Ti ahọ́n náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá wa mọ̀ pé bí a bá fi ahọ́n lu gbogbo ohùn, orin yóò jáde, ṣùgbọ́n kò ní jọ ti Áyálándì. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń jẹ́ kí èémí ṣàn lọ lábẹ́ ohùn púpọ̀, ìka ni wọ́n sì máa ń fi pín in. Bí ohùn kan náà bá tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mejì, wọn á ṣí ìka kan lókè, wọn á sì dí i padà kíákíá, tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò fi ní mọ ohùn tí ó jẹ́; ohun tí etí gbọ́ kò ju ìgé lọ. Orúkọ tí wọ́n ń pè é gan-an nìyẹn, cut. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ti ìsàlẹ̀, wọn á fi ìka gbá ihò kan, wọn á sì gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀, èyí ni tap. Bí ọwọ́ bá ti yá, wọn á so méjèèjì pọ̀ mọ́ ohùn kan ṣoṣo: ohùn, ìgé, ohùn, ìgbá, ohùn, gbogbo rẹ̀ láàárín àkókò tí ìwọ àti èmi ìbá fi fọn ohùn kúkúrú mẹ́ta. Wọ́n ń pe èyí ní roll.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe ìwọ̀nyí ní ọ̀ṣọ́, n kò sì fara mọ́ orúkọ náà púpọ̀. Ọ̀ṣọ́ ni ohun tí a lè bọ́ kúrò lọ́rùn kí ọrùn sì wà níbẹ̀. Bí a bá bọ́ ìgé kúrò nínú orin yìí, ọ̀rọ̀ a máa wọ inú ara wọn, bí ìgbà tí a yọ àmì ohùn kúrò lára Yorùbá tí a kọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ìyá wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Kí ohùn kọ́kọ́ dúró ná.

Ọmọ Àyàn, Johannesburg

Ìwé ni gbogbo yín ń sọ, etí ńkọ́? Ní agboolé wa, ọmọ tí yóò lu ìlù máa ń fi ẹnu sọ ìlù fún ìgbà pípẹ́ kí a tó fún un ní kọ̀ǹgọ́. Àwọn ará Áyálándì náà ní irú rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní portaireacht, ìyẹn ni fífi ẹnu kọ orin ijó láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, nígbà mìíràn kí àwọn ènìyàn lè jó nígbà tí kò sí ohun èlò nítòsí. Kí ìyá wa yan orin kan ṣoṣo, kí ó máa gbọ́ ọ nígbà tí ó bá ń dáná, títí tí yóò fi lè fi ẹnu kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yìn náà ni kí ó tó wá orin náà lọ sórí fèrè. Wọn kì í gùn. Apá méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ní, bar (ìyẹn ìpín ìlù) mẹ́jọ mẹ́jọ, a ó fọn ìkíní lẹ́ẹ̀mejì, a ó fọn ìkejì lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tí a ń pè ní jig ni mo rò pé yóò tètè wọ Yorùbá lára, nítorí mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń rìn, ẹni tí ó bá sì ti jó sí bẹ̀ǹbẹ́ tàbí dùndún rí ti mọ ìrìn mẹ́ta yẹn látilẹ̀wá. Irú orin ijó kejì, reel, ń sáré, mẹ́rin mẹ́rin ni tirẹ̀. Kí ó fi sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ dárí jì mí bí mo bá yà díẹ̀: irú fèrè yìí ni àwọn ọmọkùnrin ń fọn ní ojú títì ìlú tí mo ń gbé yìí ní àwọn ọdún 1950, òun ni wọ́n fi dá orin kwela sílẹ̀, Spokes Mashiyane sì ni ó lókìkí jù nínú wọn. Wọ́n máa ń dorí ẹnu fèrè kọ ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹnu kí ohùn rẹ̀ lè nípọn. Kí ìyá má ṣe dán ìyẹn wò o. Mo kàn fẹ́ kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ilé àjèjì pátápátá ni ó yà sí.

Ìyá Abíkẹ́yìn, Dublin

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Òrùka ìka ọ̀tún yẹn jẹ́ ààbọ̀ lóòótọ́. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án wà lórí ihò mẹ́ta àkọ́kọ́, mo sì gbọ́ dò ní àná fún ìgbà àkọ́kọ́ láìpariwo. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe.

Ṣùgbọ́n orin tí mo yàn ní ohùn kan tí n kò rí. Ó wà láàárín là àti tì. Bí mo bá dí ihò àkọ́kọ́ nìkan, ó kéré jù. Bí mo bá ṣí gbogbo rẹ̀, ó ga jù. Ibo ni ó sápamọ́ sí?

Afọnfèrè Manchester

C lásán ni ẹ ń wá, èyí tí fèrè ń fọn bí a bá ṣí gbogbo ihò sì jẹ́ C ṣáápù, tí ó ga jù ú lọ díẹ̀. Ẹ ṣí ihò àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ẹ dí ìkejì àti ìkẹta, kí ẹ sì ṣí mẹ́ta ìsàlẹ̀. Ó wà níbẹ̀.

Èyí tún ṣí ilé kejì fún yín. Orin yín kò bẹ̀rẹ̀ dò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ibi ihò mẹ́ta ti òkè, ìyẹn G, ni dò rẹ̀ wà. Ẹ kà á báyìí: ìka mẹ́ta, dò, ìka méjì, rè, ìka kan, mí, C tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yìí, fà, ẹ wá dí gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ fẹ́ ẹ le díẹ̀, sò. Dò ti D àti dò ti G ni ibùgbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orin ijó tí ẹ ó bá pàdé, ìdí sì nìyí tí fèrè D fi jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń lò.

Akọrin Ìbàdàn

Háà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ìbátan mi kan ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti ní kí ó ra fèrè C fún mi, nítorí C ni atẹdùùrù wa fẹ́ràn. Ṣé mo ti fi owó ṣòfò? Ẹ sì sọ irú èyí tí ó yẹ kí a rà.

Afọnfèrè Manchester

Owó yín kò ṣòfò, ẹ̀gbọ́n, ó kù sí ibi tí ẹ fẹ́ lò ó. Bí ó bá jẹ́ inú ìjọ pẹ̀lú atẹdùùrù tí kì í kúrò lórí C, fèrè C yóò ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pẹ̀lú àwọn afọnkàkàkí ẹgbẹ́ yín, ẹ bèèrè fèrè B fúláàtì, nítorí ilé-iṣẹ́ Generation ń ṣe é, yóò sì bá kàkàkí yín mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ máa fọn tẹ̀ lé ohun tí ẹ gbọ́ láti Áyálándì, fèrè D ni ẹ ó padà rà.

Ti irú èyí tí ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlú mi díẹ̀. Manchester ni Robert Clarke wá láti abúlé rẹ̀ ní Suffolk ní ọdún 1843, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi páànù fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe fèrè tí tálákà lè rà. Wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ títí di òní: páànù tí a ká, tí ó fẹ̀ lókè tí ó sì ń tín-ín-rín bọ̀ nísàlẹ̀, tí a sì fi igi kékeré dí ẹnu rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, a máa ń gbọ́ èémí nínú rẹ̀, ó sì máa ń jẹ èémí púpọ̀. Sweetone ilé-iṣẹ́ kan náà ní ẹnu oníke, ó sì rọrùn fún olùbẹ̀rẹ̀ jù ú lọ. Generation, Feadóg àti Waltons jẹ́ ọ̀pá gbọọrọ idẹ tàbí irin dídán tí a fi ẹnu oníke dé, ohùn wọn sì mú ṣáṣá. Kò sí èyí tí owó rẹ̀ tó owó oúnjẹ ẹni méjì ní ilé oúnjẹ òyìnbó. Fèrè kan lè dára kí èkejì rẹ̀ láti inú páálí kan náà má dára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ẹni tí ó bá lè ra méjì, kí ó ra méjì.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ lọ ra èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, tí owó rẹ̀ lé ní 200 yúrò. Ẹ má dá wọn lóhùn ní ọdún yìí. Ẹ má sì jẹ́ kí fèrè gígùn tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, low whistle, wọ̀ yín lójú; Bernard Overton ni ó ṣe é fún Finbar Furey ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ jìnnà síra débi pé ìka ẹni tí kò tíì mọ́ ọn lára kò ní dí wọn.

Nọ́ọ̀sì Ennis

Ẹ ṣeun o. Agbègbè Clare ní Áyálándì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí orin yìí ti pọ̀ bí omi òjò. Ìyá Abíkẹ́yìn, ẹ wá ohùn fèrè Micho Russell gbọ́, ará Doolin tí wọ́n bí ní 1915 tí ó sì kú ní 1994. Kì í sáré, kò sì di ìgé rù ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí náà, olùbẹ̀rẹ̀ lè gbọ́ ohun tí ìka rẹ̀ ń ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́ afọnfèrè mìíràn, Mary Bergin, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀nà náà lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lọ́kàn jẹ́.

Ẹ tún nílò ènìyàn. Comhaltas Ceoltóirí Éireann, ẹgbẹ́ àwọn olórin ìbílẹ̀ Áyálándì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, ní ẹ̀ka káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n sì ń kọ́ni. Ní oṣù Keje ọdọọdún, láti 1973, ilé-ẹ̀kọ́ Willie Clancy máa ń wáyé ní Miltown Malbay níhìn-ín ní Clare, àgbà àti ọmọdé sì jọ máa ń jókòó sí kíláàsì olùbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Abíkẹ́yìn, Dublin

Mo ti gbọ́ pé inú ilé ọtí ni wọ́n ti máa ń jókòó fọn ọ́n. Èmi kì í lọ sí irú ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ennis

Tíì ni èmi máa ń mu níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ìdí rí. Kíláàsì kì í sábà sí ní ilé ọtí. Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ìjọ ni ó pọ̀ jù. Bí ẹ bá wá dé ibi ìjókòó àwọn olórin lọ́jọ́ kan, ẹ jókòó sẹ́yìn díẹ̀, ẹ fọn èyí tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì gbé fèrè lé itan nígbà tí wọ́n bá wọ inú èyí tí ẹ kò mọ̀. Wọn kì í wá orin náà kiri lórí fèrè nígbà tí àwọn yòókù ń fọn ọ́n. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fi fóònù gbà wọ́n sílẹ̀. Ọmọ Àyàn, ìwọ ni mo ń bá wí báyìí: má gbé gángan lọ bá wọn o. Ẹni tí ń lu bodhrán, ìlù tiwọn gan-an, ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Ọmọ Àyàn, Johannesburg

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé e sílẹ̀.

Ìyá Abíkẹ́yìn, Dublin

Ó di ọ̀sẹ̀ keje lónìí. Mo ti mọ jig kan tán, mo sì wà ní apá kejì òmíràn. Ìṣòro mi ti yí padà. Èkíní, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn fèrè a máa há, bí ẹni tí òtútù mú. Èkejì, n kò mọ ibi tí ó yẹ kí n ti mí. Bí mo bá dúró mí, ìlù orin a já. Ẹ̀kẹta, ọmọ tí ó ni fèrè gbọ́ mi láti yàrá rẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ gba fèrè òun padà.

Afọnfèrè Manchester

Omi èémí yín ni ó ń dì sínú ẹnu fèrè, nítorí páànù náà tutù. Ẹ fi í sí abíyá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá há láàárín orin, ẹ fa èémí wọlé gba ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi náà yóò kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn kan máa ń da ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan gba ibẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ, kí omi má lè dì mọ́ ọn.

Ti mímí, ẹ má ṣe dúró. Ẹ fi ohùn kan sílẹ̀ láìfọn ọ́n, kí ẹ mí sí àyè rẹ̀, kí ẹ sì bá orin lọ. Ẹ yan ohùn tí kò bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ẹ má sì mú ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohùn kan sọnù, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ń jó ni yóò mọ̀ bí ìlù bá já.

Ẹ dá fèrè ọmọ padà fún un. Ẹ ra Sweetone fún ara yín, D ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì ní kí ọmọ náà kọ́ yín ní orin tí olùkọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.